Orí Karùn-ún: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Yín Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Omi Ilé Ìdáná

Kí ẹ tó jáde lọ ra táàpù tuntun, ẹ kó ọṣẹ, kànrìnkàn àti àwọn ọ̀rá tí ẹ tọ́jú sábẹ́ síǹkì kúrò, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ irú táàpù tí ẹ máa rà, irinṣẹ́ tí ẹ máa lò àti bí iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo èyí dá. Wọ́n á rí táàpù tó ń dán lórí àtẹ, wọ́n á san owó rẹ̀, wọ́n á gbé e délé, ìgbà náà ni wọ́n á tó mọ̀ pé ihò síǹkì àwọn kò gbà á, tàbí pé inú ògiri ni omi ti ń wá sílé ìdáná àwọn, tí ohun tí wọ́n rà sì jẹ́ èyí tó ń dúró lórí síǹkì.

Nínú àwọn ilé tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀nà mẹ́ta ni táàpù ilé ìdáná máa ń gbà dúró. Àkọ́kọ́ ni èyí tó yọrí láti ara ògiri, tí ẹnu rẹ̀ nà wá sórí síǹkì. Kò ní nǹkan kan lábẹ́, inú ògiri ni páìpù rẹ̀ wà. Ìkejì ni táàpù ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó dúró ṣánṣán nínú ihò ẹ̀yìn síǹkì, tí omi tútù nìkan ń gbà kọjá. Ìkẹta ni míkísà, tí omi gbígbóná àti omi tútù jọ ń gba ẹnu kan ṣoṣo jáde. Ti ara ògiri ló rọrùn jù lójú, òun náà ló sì léwu jù. N óò padà sórí rẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò omi, “ìdajì íǹṣì” ni ẹ óò máa gbọ́ ṣáá. Ẹ fi rúlà wọn ẹ̀yìn tírẹ́ẹ̀dì ìdí táàpù, ìyẹn ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́, ẹ óò rí i pé ó tó mìlímítà 21, èyí tó ju ìdajì íǹṣì lọ dáadáa. Kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Fífẹ̀ inú páìpù irin àtijọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe fífẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà tírẹ́ẹ̀dì yìí ti wá, orí iṣẹ́ Joseph Whitworth ló sì dúró lé, ẹni tó dábàá ní 1841 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa gé tírẹ́ẹ̀dì wọn bákan náà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì tí ẹ rà ní Orílé ní Èkó fi máa wọ táàpù tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà lọ́hùn-ún lè fi táàpù tó dára gan-an ránṣẹ́ sí yín nínú kọ̀ńténà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí páìpù táàpù náà kí ẹ tó tú ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ sábà máa ń kéré ju tiwa lọ. Ẹ̀yà tó ń so àwọn méjèèjì pọ̀ wà, ẹ wá a rà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Ẹ má sì fi tipátipá wé tírẹ́ẹ̀dì ìdajì íǹṣì ti Amẹ́ríkà mọ́ tiwa: ó máa kọ́kọ́ wọlé bí ẹni pé wọ́n bára mu, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á há, á sì máa jò.

Ohun kejì tí ẹ ní láti mọ̀ kí ẹ tó rajà ni bí táǹkì yín ṣe ga tó. Èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà táàpù lọ, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́ fún yín. Gíga táǹkì ló ń ti omi: mítà mẹ́wàá gíga ló ń fún wa ní agbára tí wọ́n ń pè ní báà kan. Tí ìsàlẹ̀ táǹkì yín bá wà ní mítà mẹ́fà sókè, tí ẹnu táàpù ilé ìdáná ìsàlẹ̀ sì wà ní mítà kan, mítà márùn-ún ló kù, ìyẹn ìdajì báà. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ilé kan náà lè má ní ju ìdámárùn-ún báà lọ. Báyìí, ẹ yí páálí táàpù náà padà, ẹ kà á. Tí wọ́n bá kọ 1 báà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù tó nílò, ilé tí omi ìjọba tàbí ẹ̀rọ amúomisáré ń ti omi ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ilé tó gbójú lé táǹkì orí òpó nìkan, omi á máa sun jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń da omi sílẹ̀ láti inú ife. Àwọn táàpù olórí gígùn tí a lè fà jáde, tó ń wọ́n omi bí ṣáwà, ni wọ́n máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, fún ilé oní-táǹkì, mo fara mọ́ táàpù tí ọ̀nà inú rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní àrà púpọ̀.

Ẹ gbé táàpù náà lé ọwọ́ kí ẹ tó sanwó. Táàpù onídẹ máa ń wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Irin àdàlù olówó pọ́ọ́kú fúyẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rá líle tí wọ́n fi kírómù bò sì fúyẹ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí kò ní mú idẹ, kò sì ní mú irin àdàlù yẹn náà. Ẹ yí ọwọ́ táàpù lọ síbí sọ́hùn-ún. Ó yẹ kó rọ̀, kó sì dọ́gba, láìsí ibi tó ti ń há.

Ọ̀rọ̀ míkísà gba àlàyé díẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Moen, ló ronú kan èyí tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí omi gbígbóná láti inú táàpù ọlọ́wọ́ méjì ta sí i lọ́wọ́ ní 1937, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1947 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ilé tí omi méjì ń wọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tiwa, omi tútù nìkan ló dé ilé ìdáná, síbẹ̀ míkísà ló kún ọjà, a sì ń rà á nítorí pé ó dára lójú. Kò burú. Àmọ́ ẹ má fi ẹsẹ̀ omi gbígbóná sílẹ̀ gbayawu lábẹ́ síǹkì. Bí ẹnì kan bá gbé ọwọ́ táàpù náà sí àárín, omi tútù lè gba inú rẹ̀ kọjá sí ẹsẹ̀ kejì, kó sì máa tú jáde sínú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Yálà kí ẹ fi ìdérí onítírẹ́ẹ̀dì dí i, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yà oríta mẹ́ta pín omi tútù sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibikíbi tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ sí, omi á jáde.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: ṣífítìn sípánà méjì (ọ̀kan á di páìpù mú, èkejì á máa tú nọ́ọ̀tì), tírẹ́ẹ̀dì téèpù, tọ́ọ̀ṣì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè wọ abẹ́ síǹkì, àkísà, àti tíṣù. Ẹ ra fulẹ́síbù tuntun, ìyẹn páìpù rọ́bà tí wọ́n fi wáyà hun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má tú ti tẹ́lẹ̀ lára táàpù ògbólógbòó láti fi ṣọ́ owó ná. Rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó bí táàpù náà ṣe gbó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárọ̀, ní ọjọ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ṣí. Ẹ pọn omi sílẹ̀ tó máa tó yín fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé omi ò ní sí, pàápàá tó bá jẹ́ pé àwọn ayálégbé mìíràn ń lo táǹkì yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti omi. Bí fáfù kékeré bá wà lábẹ́ síǹkì, ẹ tì í. Bí kò bá sí, ẹ wá géètì-fáfù ńlá tó wà ní ìdí òpó táǹkì tàbí níbi tí páìpù ti wọlé. Ẹ wá ṣí táàpù ògbólógbòó náà, kí ẹ sì tún ṣí táàpù mìíràn tó wà nísàlẹ̀ jù nínú ilé, kí omi tó kù nínú páìpù lè tán. Ẹ dúró. Bí omi bá ṣì ń kán lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, géètì-fáfù yín ti jẹ, kò tì mọ́. Ẹ má tú nǹkan kan nínú ipò yẹn pẹ̀lú èrò pé ẹ máa yára ṣe é. Táǹkì tó kún ò mọ ìyára yín. Ẹ jẹ́ kí omi táǹkì lọ sílẹ̀ tán, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ géètì-fáfù. Bí ẹ bá wà nídìí ìyẹn, ẹ fi fáfù kékeré sábẹ́ síǹkì pẹ̀lú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì máa jẹ́ kí ẹ lè tún táàpù ilé ìdáná ṣe lọ́jọ́ iwájú láìjẹ́ pé ẹni tó wà nílé ìwẹ̀ ń pariwo pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

Títú èyí tó ti gbó ni iṣẹ́ tó ń gba sùúrù jù. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́, ẹ tú fulẹ́síbù kúrò lára fáfù, omi díẹ̀ á dà, ìyẹn ò burú. Nọ́ọ̀tì ńlá tó di táàpù mú mọ́ síǹkì wà lókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ ò ti rọrùn láti dé, ó sì sábà máa ń ti dógùn-ún. Bí kò bá yí, ẹ ta epo òyìnbó sí i, kí ẹ jẹ́ kó mu ún di ọjọ́ kejì. Ṣé ẹ rí i, síǹkì onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ní. Bí ẹ bá fi gbogbo ara fà á, síǹkì fúnra rẹ̀ á tẹ̀, ẹnu ihò náà á sì wọ́, kò sí rọ́bà tó máa jókòó lórí rẹ̀ dáadáa mọ́. Nígbà tí ó bá jáde, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ìdọ̀tí àti funfun omi tó gan mọ́ ẹnu ihò dànù, kí ibẹ̀ mọ́, kó sì gbẹ.

Kí táàpù tuntun tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọ páìpù. Ẹ darí ẹnu fáfù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan títí omi á fi mọ́ lóló. Omi kànga ẹlẹ́rọ wa máa ń gbé iyanrìn àti ìpẹtà wá, títú tí a sì tú páìpù ti rú gbogbo rẹ̀ sókè. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá wọ àárín àwo pẹlẹbẹ méjì tó wà nínú táàpù ọlọ́wọ́ kan lè mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ táàpù tí a ń pè ní ayédèrú, iyanrìn ló pa á.

Ẹ so fulẹ́síbù mọ́ ìdí táàpù lórí tábìlì, kí táàpù tó wọ inú ihò, torí lábẹ́ síǹkì ọwọ́ yín ò ní ráyè. Ti míkísà, ẹ óò rí i pé ẹsẹ̀ tírẹ́ẹ̀dì fulẹ́síbù kan gùn, èkejì kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí nọ́ọ̀tì méjèèjì má bàa fún ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí i wọlé títí tí yóò fi jókòó lórí rọ́bà rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ sí ìdí táàpù, ẹ gba ihò náà sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá wọ abẹ́ lọ fi rọ́bà kejì, wáṣà onírin àti nọ́ọ̀tì sí i. Ó dára kí ẹnì kan wà lókè tó máa di táàpù mú kí ojú rẹ̀ má yí padà. Ihò tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 35 ni míkísà oníhò kan máa ń fẹ́. Tí ti síǹkì yín bá kéré sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwẹ́dà tó ní irinṣẹ́ tó yẹ, ẹ má fi ìṣó àti òòlù lu ú fẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń so ìdí fulẹ́síbù mọ́ fáfù, ẹ rántí pé apá ọ̀tún ni ti omi tútù, apá òsì ni ti omi gbígbóná. Ẹ má wé tírẹ́ẹ̀dì téèpù mọ́ ibi tí rọ́bà bá wà nínú nọ́ọ̀tì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń wé e. Téèpù ibẹ̀ kò dí nǹkan kan, ńṣe ló ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì há kí rọ́bà tó jókòó. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí kò fi yí mọ́, kí ẹ wá fi sípánà fi kún un ní ìdámẹ́rin yíyí kan, tó bá pọ̀ jù, ìdajì. Ibi tí irin bá ti ń wọ inú irin tàbí inú ọ̀rá líle láìsí rọ́bà láàárín nìkan ni téèpù wúlò.

Èyí ló gbé mi padà sórí táàpù ara ògiri. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, irú rẹ̀ ló wà nílé wa. Mo tú ti tẹ́lẹ̀, mo wé téèpù, mo yí tuntun wọlé. Nígbà tó le dáadáa, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kò wo ìsàlẹ̀. Dípò kí n tú u jáde, mo gbé sípánà, mo fi gbogbo ara fà á kó lè yí wo ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan tó dún “kẹ́kẹ́” nínú ògiri. Omi kò jáde lójú ẹsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dà ògiri ti wú lábẹ́ táìsì. Ẹ́ḿbò ọ̀rá tó wà nínú ògiri, ìyẹn ẹ̀yà páìpù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ti là, táìsì mẹ́rin la sì fọ́ kí a tó rí i yọ. Bàbá púlọ́ḿbà tó wá bá wa ṣe é kò bá mi wí. Ó fi ẹ́ḿbò náà hàn mí, ó ní: “Ọmọ mi, agbára apá kọ́ ló ń dí omi. Ohun tó wà láàárín ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Rọ́bà ló ń dí omi nínú nọ́ọ̀tì, téèpù ló ń dí i lára tírẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ sípánà kò ju kó tẹ̀ wọ́n pọ̀ lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nítorí náà, fún táàpù ara ògiri, ẹ kọ́kọ́ yí i wọlé láìwé téèpù, kí ẹ ka iye yíyí tó gbà kó tó há. Ẹ tú u, ẹ wé téèpù. Ẹ jẹ́ kí ẹnu tírẹ́ẹ̀dì kọjú sí yín, kí ẹ sì wé e sí apá tí ọwọ́ aago ń yí sí, kí yíyí táàpù wọlé lè máa fún téèpù náà mọ́ra, kó má máa tú u. Téèpù funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà níbí, mo máa ń wé e tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí táàpù bá há nígbà tí ẹnu rẹ̀ kò tíì wo ìsàlẹ̀, ẹ tú u jáde, kí ẹ dín téèpù kù, kí ẹ sì tún un wé. Bó bá wo ìsàlẹ̀ tán tó ṣì rọ̀, ẹ fi téèpù kún un. Ẹ má yí i padà sẹ́yìn láti fi tún ojú rẹ̀ ṣe, torí téèpù tó ti jókòó, tí a tún dá padà, máa ń jò. Tí ẹ bá sì ń kọ́lé tàbí ẹ fọ́ ògiri fún ìdí mìíràn, ẹ sọ fún púlọ́ḿbà kó lo ẹ́ḿbò tó ní idẹ nínú ẹnu níbi gbogbo tí táàpù máa wọ̀.

Ó ku ṣíṣí omi. Ẹ kọ́kọ́ tú àsẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu táàpù kúrò, kí ẹ ṣí táàpù náà sílẹ̀, kí ẹ wá rọra ṣí fáfù. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ariwo, omi á tẹ̀lé e ní fífọ́. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn fún bíi ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó ti táàpù, kí ẹ sì dá àsẹ́ rẹ̀ padà. Títì tí ẹ tì í yìí ló ń dán ìsopọ̀ wò, torí ìgbà náà ni omi ń ti gbogbo ibẹ̀. Ẹ nu gbogbo ìsopọ̀ gbẹ, kí ẹ fi tíṣù gbígbẹ ra á yípo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ lè parọ́ fún yín, torí irin tútù máa ń dà bí ohun tó rin. Tíṣù kì í parọ́. Bí ọ̀kan bá rin, ẹ fi sípánà fi kún un díẹ̀ bí ìdámẹ́jọ yíyí. Bí ó bá ṣì ń rin, ẹ dẹ́kun fífún un, ẹ ti omi, ẹ tú u, kí ẹ wo rọ́bà inú rẹ̀: ó lè ti yẹ̀, ó lè ti là, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ tẹ́ tíṣù tàbí ìwé ìròyìn gbígbẹ sábẹ́ gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ má tíì kó ẹrù padà. Ẹ wò ó ní àárọ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ lè dá ọṣẹ àti kànrìnkàn padà sí àyè wọn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí agbára omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ẹ má ronú táàpù tuntun. Àsẹ́ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ tú, kí ẹ gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí funfun omi bá ti gan mọ́ ọn. Ẹ máa ti fáfù abẹ́ síǹkì kí ẹ sì tún ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kó má bàa gan sójú kan títí di ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.